Ọkọ̀ Ìjàpá Olùkọ́ Ìṣirò Wa

Àwọn tó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí n wá kọ nǹkan díẹ̀ nípa ìtàn. Mo ní ìtàn ta ni? Wọ́n ní èyí tó bá wù mí. Ó dáa. Ìtàn ọkọ̀ kan ló wù mí.

Ṣé ẹ rántí? Kí aago méje àárọ̀ tó lù, a ó ti máa gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ òkè: pa-pa-pa-pa, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ọ̀pá lu páànù. Ẹni tó bá ṣì wà lórí ibùsùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì á fò sọ̀kalẹ̀, á máa wá ìbọ̀sẹ̀ kiri. Ẹnì kan á sì ké láti ojú fèrèsé pé, "Ìjàpá ti ń bọ̀ o!" Kì í ṣe ọkọ Yánníbo inú àlọ́. Volkswagen aláwọ̀ aró olùkọ́ ìṣirò wa ni.

N kò ní dárúkọ bàbá náà. Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí kò nílò orúkọ. Bàbá ti sinmi láti 2009, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ ti tún ń rìn. Inú gáréèjì ilé mi ní Bódìjà, Ìbàdàn, ni a ti tún un ṣe, ó sì gba ọdún mẹ́ta àti oṣù díẹ̀. Kí ẹ tó rí i lọ́jọ́ ìpàdé wa, mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tó ti wá. Mo tún ní gbèsè kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ kí n tó gbé bírò sílẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ilé baba Ìjàpá

Jámánì ni ilé baba rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, ìjọba Hitler sọ pé òun máa ṣe ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ lásán lè rà. Ferdinand Porsche ni wọ́n gbé iṣẹ́ yíya ọkọ̀ náà fún. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún 1938 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ní ìlú tí à ń pè ní Wolfsburg lónìí. Wọ́n ní 990 máàkì ni owó ọkọ̀ náà máa jẹ́. Òṣìṣẹ́ á máa fi máàkì márùn-ún ra sítáǹbù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé kékeré kan, títí owó á fi pé. Àwọn tó lé ní 300,000 ló dá owó yìí. Ẹ mọ iye ọkọ̀ tí wọ́n rí gbà? Òdo! Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ilé-iṣẹ́ náà yíjú sí ọkọ̀ ológun, àwọn tí wọ́n sì fi ipá kó wá láti ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ibẹ̀. Ẹni tí alájọ bá ti kó owó rẹ̀ sá lọ rí mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí.

Nígbà tí ogun parí ní 1945, ọwọ́ àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-iṣẹ́ tí bọ́ǹbù ti wó apá kan rẹ̀ náà bọ́ sí. Ọ̀gá kan nínú wọn, Major Ivan Hirst, ló tún iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé àwọn ológun náà fúnra wọn nílò ọkọ̀ tí wọ́n á máa gùn. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe 20,000 fún àwọn. Ní 1948, àkóso bọ́ sọ́wọ́ Heinrich Nordhoff, ọmọ Jámánì. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ náà ti ń jáde bí eéṣú. Ní oṣù kẹjọ 1955, èyí tó pé mílíọ̀nù kan jáde ní Wolfsburg.

Bí ó ṣe di ọkọ̀ olùkọ́

Ẹ fi 1955 yẹn sọ́kàn. Oṣù kìíní ọdún kan náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé ń hù bí olú. Bí àwọn ọmọ yẹn sì ti ń jáde ìwé mẹ́fà, àwọn ilé-ìwé gíga bíi tiwa náà ń pọ̀ sí i. Gbogbo wọn ń wá olùkọ́. Olùkọ́ tó bá ní ìwé ẹ̀rí tó péye lè rí owó yá láti fi ra ọkọ̀, kí wọ́n sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá àpò olùkọ́ mu jù lọ nígbà náà ni Volkswagen, tí ilé-iṣẹ́ Mandilas wà lára àwọn tó ń kó o wọlé.

Kẹ̀kẹ́ ni bàbá wa kọ́kọ́ ń gùn, fún ọdún mẹ́jọ gbáko. Ní 1965 ló wá gbé Ìjàpá tuntun wálé láti Ìbàdàn. Màmá sọ fún mi pé gbogbo agboolé ló jáde wá wò ó, tí àgbàlagbà kan sì ń yí i po, tó ń bèèrè pé, "Ẹ́ńjìnì rẹ̀ dà?" Wọ́n ṣí iwájú fún un, táyà àti àyè ẹrù ló bá níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ o."

Wọn ò rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì wà, táyà ẹ̀yìn náà ló sì ń yí. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń là nínú ẹrẹ̀ níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá bá há sí: ẹrù ẹ́ńjìnì ló tẹ táyà mọ́lẹ̀. Kò lo omi, kò ní rádíétọ̀. Fáànù kan ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnì lára. Nígbà tí awakọ̀ lọ́rì bá dúró lórí òkè Ìjẹ̀ṣà, tó ń wá odò tó máa bu omi níbẹ̀, ṣe ni Ìjàpá á rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rogodo àti ìrìn rẹ̀ tí kò yá jù ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nínú àlọ́, Ìjàpá kì í sábà pẹ́ kó tó dé ibi tó ń lọ.

Ọdún tó ra ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọdún ìrọ̀rùn o. Oṣù kẹwàá 1965 ni wọ́n dìbò ilé ìgbìmọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìjà tó tẹ̀ lé e ni gbogbo wa mọ̀ sí "Wẹ́ẹ̀tì ẹ". Wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé, wọ́n ń dà á sí ọkọ̀, wọ́n ń ṣáná sí i. Bàbá kì í ṣe olóṣèlú, ṣùgbọ́n iná kì í bi èèyàn léèrè ẹgbẹ́ tó wà. Ó gbé ọkọ̀ tuntun tí kò tíì san gbèsè rẹ̀ tán lọ sí oko, ó kó imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, ó tún padà sórí kẹ̀kẹ́. Ó tó ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní oṣù kìíní 1966 kí ó tó lọ ṣí imọ̀ lórí rẹ̀. Màmá ní adìyẹ ti yé ẹyin sórí síítì ẹ̀yìn.

Ohun tí Màmá ní kí n ṣe

Bàbá fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1994, tí epo di ohun àwátì, ó gbé e sábẹ́ igi máńgòrò ní ilé rẹ̀ ní Iléṣà, kò sì gbé e jáde mọ́. Nígbà tí mo lọ kí Màmá ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá àwọn tó ń fi ọmọlanke ra irin àlòkù kiri lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti ń ná an. Ewé ti bo òrùlé rẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti rì sínú ilẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á. Ẹ fún mi, n óò tún un ṣe." 

Màmá wò mí títí. Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o fẹ́ gbé e sí pálọ̀ kí àlejò máa wò ó ni?" 

Mo ní rárá, mà. 

Wọ́n ní, "Ó dáa. Bí o bá gbé e lọ, kó rìn. Ọjọ́ tó bá rìn, kó wá gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún o, má pẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn, "má pẹ́", ló ń lé mi láti ọjọ́ náà.

Nínú gáréèjì

Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé títún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe kò ju kí èèyàn fọ̀ ọ́ kó kùn ún lọ, ẹ jókòó. Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ mọ ẹni tí ẹ ń tọ́jú. Mo gbé síítì ẹ̀yìn sókè, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ìpẹtà kúrò, nọ́ńbà ara ọkọ̀ sì yọ jáde lórí irin àárín. 115 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní ti Volkswagen, 11 ń sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́, 5 sì ń sọ ọdún 1965. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Màmá àti ọ̀rọ̀ irin bára mu.

Lẹ́yìn náà ni a tú u. Bóòtù ló de ara Ìjàpá mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ yípo. Bí ẹ bá tú wọn tán, ọkùnrin mẹ́fà lè gbé òrùlé àti ilẹ̀kùn kúrò lódindi, bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Ibẹ̀ ni a ti rí àrùn rẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, irin oníhò kan wà tó ń gbé ooru ẹ́ńjìnì wá síwájú kí òtútù má baà pa awakọ̀. Ó dára fún Jámánì. Ta ló nílò ooru ní Iléṣà? Gbogbo ọdún tí Ìjàpá fi wà lọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ihò yẹn ṣe ni kó gba omi òjò dúró, ó sì jẹrà láti inú wá. Wẹ́dà wa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀.

Ẹ́ńjìnì ló yà mí lẹ́nu jù. Bóòtù mẹ́rin péré ló dè é mọ́ gíà. Ẹ fi jáàkì sí i lábẹ́, ẹ fà á sẹ́yìn, ó jáde. Ṣùgbọ́n kò yí. Pístíìnì ti lẹ̀ mọ́ ilé wọn. Mo da ọ́ìlì sí ojú pílọ́ọ̀gì, mo dúró fún oṣù kan. Méjì tú sílẹ̀, méjì kọ̀. Oore tí Volkswagen ṣe fún aláìní ni pé ilé pístíìnì kọ̀ọ̀kan dá dúró, ẹ lè yọ ọ̀kan láìfọwọ́ kan èkejì. Nígbẹ̀yìn, tuntun tí wọ́n ṣe ní Bùràsíìlì ni mo rà. Wọ́n pẹ́ gan-an lórí ọkọ̀ yìí ní Bùràsíìlì, Fusca ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa tó wà ní London fi rọ́bà ilẹ̀kùn àti ti fèrèsé ránṣẹ́. Kábúrétọ̀ ni mo fi kọ́gbọ́n: mo ra èyí tí ẹni tó tà á búra pé tuntun ni. Mo gbé e délé, mo fọ àwọ̀ rẹ̀, ògbólógbòó tí wọ́n fi ọ̀dà fàdákà kùn ni.

Bàbá mẹkáníìkì kan tó kọ́ṣẹ́ Volkswagen ní Èkó ní àwọn ọdún 1960 ló gbà mí sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ṣáná sí ẹ́ńjìnì, ó bú gbàù bí ìbọn, ó sì kú. Bàbá náà kò tilẹ̀ dìde lórí àga. Ó ní, "Báwo lo ṣe to wáyà pílọ́ọ̀gì?" Mo ní ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀kan, mẹ́rin, mẹ́ta, méjì ni Ìjàpá ń kà." Ẹ gbà mí o! Ọmọ kíláàsì olùkọ́ ìṣirò, kò mọ bí a ṣe ń ka nǹkan dé mẹ́rin. Mo tún un tò. Pa-pa-pa-pa! Ara mi bù máṣọ. Mo wo ẹ̀yìn kí n lè rí i bóyá ẹnì kan ń bọ̀ wá bi mí léèrè iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ohun méjì tí n kò fọwọ́ kàn

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti tẹ́tí. Lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, lápá ọ̀tún níwájú, a rí irin pelebe kan tí wọ́n jó mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Wẹ́dà wa ní kí a gé e dànù. Mo ní kó dúró ná, mo fi fóònù pe Màmá. Wọ́n ní, "Ọ̀tún kẹ̀? Ibẹ̀ ni sítíárì wà tẹ́lẹ̀ kí ìjọba tó yí ọ̀nà padà."

Àwọn ọ̀dọ́ kò mọ èyí. Apá òsì ni a ti ń wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi kọ́ wa, nígbà tí apá ọ̀tún ni gbogbo àwọn tó yí wa ká ń wà, láti Dàhòmì dé Kamẹrúùnù. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, gbogbo orílẹ̀-èdè yìí sún sí ọ̀tún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwa tí a wọlé ní 1971 rí i lójú ayé. Ìjàpá bàbá wa wá di ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ wà létí kòtò, tí kò lè rí iwájú bó bá fẹ́ ya lọ́rì sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ó máa ń gbé lọ fún ìdíje ìṣirò, ẹ rántí iṣẹ́ yín: ẹni tó bá jókòó níwájú ni yóò na ọrùn síta, yóò ní, "Kò sí nǹkan, sà!" Nígbà tó yá ló rówó yí sítíárì náà sí òsì. Ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ yẹn ni irin pelebe náà. A fọ ìpẹtà rẹ̀, a kùn ún, a fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

Èkejì ni mọ́gáàdì iwájú lápá òsì, ibi tó tẹ̀ wọnú. Pánẹ́bítà wò ó, ó ní wákàtí kan péré ni, òun á nà án, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi lọ́kàn: kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Torí pé èmi mọ̀.

Ní 1974 ni, a wà ní Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀. Bàbá ló ní iṣẹ́ alẹ́ ní ọ̀sẹ̀ náà, ó sì sùn sí ilé-ìwé. Àwa mẹ́rin dìde lóru, a tú hánbíréèkì ọkọ̀ náà, a ní kí a tì í dé pápá kí a sì tì í padà, eré lásán. Ilẹ̀ dagun. Ìjàpá tí wọ́n ní kì í yára bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ó di ẹ̀bá ògiri kànga. A sá lọ sùn. Láàárọ̀, wọ́n ní bàbá ọdẹ ló sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì yọ nínú owó oṣù rẹ̀. A gbọ́. A dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì lọ́jọ́ náà ò lè gbàgbé ohun tí bàbá kọ sójú pátákó. "Ọkọ̀ kan wúwo tó 750 kìló. Ọmọkùnrin mẹ́rin tì í lóru. Ògiri kan dá a dúró. Mélòó nínú wọn ni yóò jẹ́wọ́?" Ó dúró fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ó ní, "Ẹ lọ ṣe é wá láti ilé." Ó nu pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò mìíràn. Kò bi wá mọ́ láéláé, kò sì tún mọ́gáàdì náà ṣe.

Mo rò pé ìbínú ló jẹ́ kó fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ fún Màmá lórí fóònù lọ́jọ́ náà, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Ó mọ̀ yín, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó tí ó yà sọ́tọ̀ fún pánẹ́bítà ló kó fún bàbá ọdẹ, kó lè fi dípò èyí tí wọ́n yọ. Mo ní kó wá bi yín, ó ní rárá, òun ti fún yín ní iṣẹ́ àṣetiléwá."

Mo jókòó sílẹ̀ nínú gáréèjì. Mo ní kí pánẹ́bítà máa lọ, mo san owó rẹ̀ fún un bí ẹni pé ó ṣe é. Kí n má parọ́, mo ti ń rò tẹ́lẹ̀ pé títún ọkọ̀ ṣe ni kí a dá a padà sí bó ṣe jáde ní Wolfsburg. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ náà kò ní rántí ẹnì kankan nínú wa. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìpẹtà àti àpá. Ìpẹtà ń jẹ ọkọ̀ lọ, ó yẹ kí a yọ ọ́. Àpá kò jẹ nǹkan, ìtàn ló ń sọ. Ohun tí kò bá jẹ́ kí ọkọ̀ rìn, a pààrọ̀ rẹ̀ láìwẹ̀yìn: bátìrì rẹ̀ jẹ́ 6 fóòtù, iná rẹ̀ ò ju àtùpà lọ, a sọ ọ́ di 12 kí Màmá má baà sùn sójú ọ̀nà. A kó àwọn ohun àtijọ́ náà sínú àpótí, a kọ orúkọ wọn sí i. Ṣùgbọ́n ibi tó tẹ̀, a fi í sílẹ̀.

Ibi tí àwọn Ìjàpá yòókù lọ

Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì 1972, Ìjàpá borí Ford Model T: 15,007,034 ló ti jáde lọ́jọ́ náà, kò sí ọkọ̀ kan tó tíì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje 1974, wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn ní Wolfsburg. Ní 1975, Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí to tiwa pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó. Ibẹ̀ náà ni Igala ti jáde, ọkọ̀ tí àwọn ará Bùràsíìlì ń pè ní Brasília. Nígbà tí ìjọba mú ètò SAP dé ní 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Owó oṣù olùkọ́ kò tó ra ọkọ̀ tuntun mọ́, kò sì pẹ́ tí kò tó ra tòkunbọ̀ pàápàá. Ní ọjọ́ 30 oṣù keje 2003, wọ́n ṣe Ìjàpá tó kẹ́yìn pátápátá ní Puebla, Mẹ́síkò, èyí tó ṣìkejì 21,529,464.

Bí mo bá ń wo ọkọ̀ yìí, ohun tó ń dùn mí jù ni pé olùkọ́ kan ní ilé-ìwé kan ní ìlú kékeré rà á ní tuntun, ó sì san owó rẹ̀ tán nínú iṣẹ́ chọ́ọ̀kì. Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò nínú wa, ẹ jẹ́ kí á rò ó.

Ní Sátidé kan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo wà á láti Bódìjà. A gba Aṣẹ́jíré, a gba Ìkirè, a gba Gbọ̀ngán, a wọ Ifẹ̀, a dé Iléṣà. Gbogbo ọkọ̀ ló ń yà wá sílẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń juwọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Màmá wọ aṣọ òfì, wọ́n jókòó níwájú. A rìn títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò sọ̀rọ̀. Lọ́rìrì kan wà níwájú wa tó ń fà. Màmá na ọrùn síta díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òsì ni sítíárì wà báyìí. Wọ́n ní, "Kò sí nǹkan, sà."

Ẹ̀yin ará, ọkọ̀ náà ń bọ̀ wá sí ìpàdé wa. Ẹ wá wò ó, ẹ wá gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ní fọ́tò tó wà nínú rẹ̀, ẹ mú un dání. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ àwọn ọmọ bàbá ọdẹ ayé ọjọ́un, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kàn sí mi. Mo ti wá wọn títí, n kò tíì rí wọn. Ẹ̀yin mẹ́ta yòókù, n kò dárúkọ yín, ṣùgbọ́n ẹ mọ ara yín. Èmi ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá tèmi. Ìdáhùn mi ni ọ̀kan, sà. Bí ẹ bá dúró ti mọ́gáàdì òsì náà lọ́jọ́ ìpàdé, a ó tún un kà papọ̀.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí á pàdé láyọ̀ o.